Kí ló pa Turntable.fm?

Ìbéèrè: Kí ni Turntable.fm gan-an?

Ìdáhùn: Ìkànnì orin ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Karùn-ún 2011. Billy Chasen àti Seth Goldstein ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé, Stickybits, kò rọ́wọ́ mú. Èèyàn kì í dá gbọ́ orin níbẹ̀. O máa wọ yàrá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wàá bá àwọn ẹlòmíì níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú àwòrán kékeré tó dúró fún un. Àyè DJ márùn-ún ló wà lórí pèpéle, wọ́n á sì máa gba orin lu lọ́wọ́ ara wọn. Bí orin bá dùn mọ́ ọ, o tẹ "Awesome", àwòrán rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, DJ á sì gba máàkì. Bí kò bá dùn, "Lame" wà níbẹ̀. Bó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á gé orin yẹn lójijì. Ẹni tó bá kó máàkì jọ dáadáa lè fi pààrọ̀ àwòrán rẹ̀, títí tó fi máa di ìnàkí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, àwọn kan ò sùn nítorí ìnàkí yẹn.

Ìbéèrè: Báwo ni òkìkí rẹ̀ ṣe kàn kíákíá bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ní ìbẹ̀rẹ̀, o ò lè wọlé àfi bí ọ̀rẹ́ rẹ lórí Facebook bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Ohun tí wọ́n bá sì tilẹ̀kùn mọ́ ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ wò. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olówó bíi Union Square Ventures kó dọ́là mílíọ̀nù 7 lé wọn lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ṣé òfin ẹ̀tọ́ orin ló pa á?

Ìdáhùn: Ó lọ́wọ́ sí i, àmọ́ kò dá a pa. Òfin Amẹ́ríkà gba ìkànnì tó bá ń ṣe bíi rédíò láyè láti san iye tí ìjọba là sílẹ̀, láìjẹ́ pé ó ń bá iléeṣẹ́ orin kọ̀ọ̀kan dúnàá dúrà, bí kò bá ti jẹ́ pé olùgbọ́ ló ń yan orin fúnra rẹ̀. Abẹ́ òfin yìí ni Turntable sá sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó o bá dá wà nínú yàrá, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré lo máa gbọ́ nínú orin tó o fi sí i. Òfin yẹn ò sì kọjá ẹnubodè Amẹ́ríkà, nítorí náà, kí oṣù Kẹfà 2011 tó parí, wọ́n ti lé gbogbo ẹni tó wà lókè òkun síta. Oṣù Kẹta 2012 ni wọ́n tó bá àwọn iléeṣẹ́ orin ńlá mẹ́rin, Universal, Sony, Warner àti EMI, ṣàdéhùn. Ìtara àwọn èèyàn ti ń tutù nígbà náà.

Ìbéèrè: Wọ́n ti gba àṣẹ, kí ló tún kù?

Ìdáhùn: Àkókò àwọn olùgbọ́ ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Òde àríyá ni Turntable, ohun tí yóò máa dún jẹ́jẹ́ bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá lójoojúmọ́. Bó o bá wà lórí pèpéle, o gbọ́dọ̀ máa ronú orin tó kàn, kó o máa wo ojú àwọn èrò, kó o máa dáhùn ọ̀rọ̀. Ta ló lè ṣe é láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì? Spotify, ìkànnì orin mìíràn, dé Amẹ́ríkà ní oṣù Keje 2011, ìyẹn ò sì béèrè ju pé kó o tẹ bọ́tìnnì lọ. Àwọn èrò dín kù, ìnáwó ò dín kù. Chasen fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó ń kógbá wọlé pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó wọn tó bá lọ́yà, owó ẹ̀tọ́ orin àtàwọn ìnáwó mìíràn tó rọ̀ mọ́ orin lọ.

Ìbéèrè: Ṣé ó ti kú pátápátá?

Ìdáhùn: Wọ́n tì í ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 2013, wọ́n yíjú sí fífi eré àwọn olórin hàn lójú ẹsẹ̀, ìyẹn náà ò sì pẹ́. Àmọ́ ní 2021, tí Kòrónà sé àwọn èèyàn mọ́lé, tí ọwọ́ dilẹ̀, Chasen tún un ṣí. Ẹnì kan tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí náà ṣí tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dún yẹn, orúkọ Turntable náà ló sì pè é.