Ohun èlò ìṣaralóge ní Íjíbítì àtijọ́

Ohun èlò ìṣaralóge ní Íjíbítì àtijọ́ ni àwọn ọlọ, ìkòkò, ọ̀pá, dígí, òòyà, abẹ àti ẹ̀mú kéékèèké tí àwọn ará etí Odò Náílì fi ń tún ara ṣe láti nǹkan bí ọdún 4400 ṣáájú ìbí Kristi. Tọkùnrin tobìnrin, tolówó tòtòṣì ló ń lò wọ́n. Ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n ló yàtọ̀. Inú ibojì ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ jù, ìdí nìyí tí a fi mọ̀ nípa ẹrù òkú ju ẹrù alààyè lọ.

Ọlọ tìróò

Èyí ló lọ́jọ́ lórí jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó bá ń wá ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìjọba Íjíbítì. Òkúta pẹlẹbẹ ni, òkúta róbótó kan ni wọ́n fi ń lọ tìróò lórí rẹ̀. Láyé àṣà Naqada, ìyẹn àṣà àwọn ará Íjíbítì kí ọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ náà, wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ bí ẹja, ìjàpá tàbí ẹyẹ. Wadi Hammamat, nínú aṣálẹ̀ tó wà láàárín Náílì àti Òkun Pupa, ni wọ́n ti ń wa òkúta aláwọ̀ eérú tí wọ́n fẹ́ràn fún un.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 3100 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn kan ti tóbi ju ohun àmúlò ojoojúmọ́ lọ, àwòrán ogun àti ti ọba sì ti gba ojú wọn. Èyí tó lókìkí jù ni ọlọ Narmer, ọba Íjíbítì ìgbà ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí James Quibell àti Frederick Green wú jáde ní Nekhen, ìlú àtijọ́ kan ní gúúsù Íjíbítì, láàárín 1897 sí 1898. Gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 64. Lójú kan, Narmer gbé kùmọ̀ sókè lórí ọ̀tá rẹ̀. Lójú kejì, ẹranko méjì fi ọrùn gígùn wọn lọ́ mọ́ra yí kòtò róbótó kan ká, níbi tí à bá máa lọ tìróò sí. Ó jọ pé ṣe ni wọ́n fi ta tẹ́ńpìlì lọ́rẹ.

Tìróò àti ìkòkò rẹ̀

Ara málákáìtì, òkúta aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń wa ní Sínáì àti nínú aṣálẹ̀ ìlà-oòrùn, ni tìróò aláwọ̀ ewé ti wá. Ara galénà, òkúta tó ní òjé nínú, ni ti dúdú ti wá. Aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ gbòde. Nígbà tó yá, dúdú gba ipò rẹ̀. Ìwé ìṣègùn Ebers, ti nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi, ka tìróò mọ́ oògùn ojú.

Ní 1999, Philippe Walter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò tìróò tó ṣẹ́ kù nínú àwọn ìkòkò mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Paris. Wọ́n bá laurionite àti phosgenite níbẹ̀, èròjà òjé méjì tó ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì gbà pé ènìyàn ló pò wọ́n. Àyẹ̀wò mìíràn ní 2010 fi hàn pé díẹ̀ nínú irú èròjà bẹ́ẹ̀ lè ta agbára ìdáàbòbò ara jí. Sẹ́ẹ̀lì inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n lò, kì í ṣe ojú ènìyàn, májèlé ni òjé sì ṣì jẹ́.

Ìkòkò kúkúrú tó ní ìdérí pẹlẹbẹ wọ́pọ̀ láyé Ìjọba Àárín, sáà kan nínú ìtàn Íjíbítì. Láyé Ìjọba Tuntun, sáà tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà, wọ́n fi esùsú, eyín erin tàbí gíláàsì ṣe ìkòkò gígùn tó ní ihò nínú, pẹ̀lú ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n fi ń lé tìróò. Àpótí ìṣaralóge Merit, obìnrin kan tó gbé láyé Ìjọba Tuntun, tí Ernesto Schiaparelli rí ní Deir el-Medina, abúlé àwọn oníṣẹ́ tó ń gbẹ́ ibojì ọba, ní 1906, ṣì wà ní Turin ní Ítálì.

Nínú ìsìn àti iṣẹ́

Orí 125 nínú Ìwé Òkú, àkójọ ọfọ̀ tí wọ́n ń sin mọ́ òkú, pàṣẹ pé kí ẹni tó máa ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wẹ̀, kí ó lé tìróò dúdú, kí ó sì fi òjíá para. Ìkunra tún wà lára ohun tí ìjọba ń fún òṣìṣẹ́: nígbà tí àwọn oníṣẹ́ Deir el-Medina daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 29 ìjọba ọba Ramses Kẹta, wọ́n ní àwọn kò rí aṣọ, ìkunra, ẹja tàbí ẹ̀fọ́ gbà.

Àwọn yòókù

Bàbà tàbí idẹ dídán ni dígí, ó sì sábà máa ń ní orí òrìṣà obìnrin Hathor lára èèkù rẹ̀. Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì àtijọ́, kọ ọ́ pé àwọn àlùfáà máa ń fá gbogbo ara. Ní ti ṣíbí onígi tí wọ́n gbẹ́ bí ọmọbìnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan: àwọn kan kà á sí ohun ìṣaralóge, àwọn mìíràn sì kà á sí ohun èlò ìrúbọ.