Irúgbìn ni ìdérí tíréè wà fún, kì í ṣe èéhù

Ẹni tó bá fẹ́ ká ata rodo ní London kí òtútù tó padà dé, inú ilé ni yóò ti gbìn ín láti oṣù Èrèlè, nígbà tí hítà ṣì ń gbẹ gbogbo afẹ́fẹ́ yàrá. Gbígbìn rẹ̀ kò le: erùpẹ̀ ìgbìn tuntun látinú àpò, irúgbìn ní jíjìn bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí a gbé tíréè sínú omi fún ìṣẹ́jú 20 kó mu ún láti ìsàlẹ̀, kí a sì jẹ́ kó ro dáadáa. Ìdérí oníke tó mọ́ gaara tí a ń dé lé e ni ọ̀pọ̀ ń ṣì lò.

Wọ́n rò pé ìdérí ń fún ohun ọ̀gbìn lómi. Rárá o. Ẹni tó bá ti tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ìdérí ìkòkò ìrẹsì rí ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ooru á gòkè, á kan ìdérí, á di omi, á kán padà. Ìdérí kò fi ẹ̀kán kan kún omi tí a bù sínú ìkòkò. Èyí tó fẹ́ sá lọ ló ń dá padà. Bí omi bá ti pọ̀ jù kí a tó dé e, ìrẹsì á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Bí kò bá tó, á jóná lábẹ́ ìdérí náà. Bó bá sì jinná tí a kò ṣí i, omi tó ń kán lé e á bà á jẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ yani lẹ́nu. Ní 28°C, afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin kún bámúbámú kì í gbé ju nǹkan bíi gíráàmù omi 27 lọ nínú mítà kúbíìkì kan. Tíréè tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 38, tó fẹ̀ ní 24, tí ìdérí rẹ̀ ga ní 12, afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ kò ju bíi lítà 11. Gíráàmù 0.3 á kún un, ìyẹn bí ẹ̀kán omi 6 péré! Erùpẹ̀ tó tutù níwọ̀nba á pèsè ìyẹn láìsí wàhálà. Ẹni tó ń ṣí ìdérí lójoojúmọ́ láti fọ́n omi sí i kò fi nǹkan kan kún afẹ́fẹ́. Erùpẹ̀ ló ń mu ún ní àmuyó, irúgbìn á sì jẹrà síbẹ̀.

Kí ló dé tí irúgbìn fi nílò ẹ̀kán mẹ́fà yìí? Òkè erùpẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni irúgbìn ata wà. Irúgbìn gbígbẹ lè wà nínú àpòòwé fún ọdún kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n bó bá ti mu omi, tó wú, tí gbòǹgbò funfun ti yọrí, bó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí nìyẹn. Ata rodo máa ń lo bí ọjọ́ 10 sí 21 kó tó hù, nínú erùpẹ̀ tó gbóná tó 25 sí 30°C. Ẹní oníná tí a ń tẹ́ sábẹ́ tíréè ló ń mú ooru yẹn wá, òun náà ló sì ń mú kí erùpẹ̀ tètè gbẹ. Ìdí nìyí tí òun àti ìdérí fi jọ ń rìn. Kí a má gbé tíréè tí a dé sínú oòrùn tààrà o: irúgbìn á sè.

Ìdérí kò sì lè jí irúgbìn tó ń sùn. Ewédú tí a kò kọ́kọ́ di sínú aṣọ, kí a rì í bọ omi híhó fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, lè pẹ́ títí lábẹ́ rẹ̀ láì hù, torí èèpo rẹ̀ ti sé omi mọ́ta.

Ìmọ̀ràn tó ń bíni nínú jù ni pé kí ìdérí wà níbẹ̀ títí ewé á fi kàn án, pé ṣebí ata fẹ́ràn ọ̀rinrin. Ewé ń tú omi sínú afẹ́fẹ́, títú yẹn ló sì ń fa omi àti oúnjẹ gòkè láti gbòǹgbò. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún bámúbámú, omi kò ríbi lọ, fífà náà á dín kù, igi èéhù á rọ̀. Ọ̀rinrin tí atẹ́gùn kò kàn ni Pythium àti Rhizoctonia, àwọn kòkòrò àrùn inú erùpẹ̀ tó ń jẹ ìdí èéhù rà, sì ń wá. Ibi tí igi èéhù ti kan erùpẹ̀ á dúdú, á tín-ínrín. Èyí tó dúró ṣánṣán lálẹ́ á ti dọ̀bálẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Kò sí oògùn tó ń gbé e dìde. Kí a yọ ọ́ pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, kí a sì ṣí ìdérí pátápátá fún àwọn tó kù.

Kó má baà débẹ̀, kí a máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a nu omi inú rẹ̀. Bí èéhù àkọ́kọ́ bá ti yọ, kí a ṣí ihò atẹ́gùn orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí a fi igi pẹlẹbẹ gbé etí kan sókè. Lọ́jọ́ kẹta, kí a gbé e kúrò, kí iná tàbí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì kàn wọ́n dáadáa. Tòmátì, tó ń hù láàárín ọjọ́ 5 sí 10, kò yẹ kó bá ata rodo gbé abẹ́ òrùlé kan. Àbùkù ìdérí ńlá nìyẹn: ẹni tó ti jáde àti ẹni tí kò tíì jáde ló jọ ń bò. Ife kéékèèké tí a fi ọ̀rá bò, tí a fi rọ́bà dì, sàn jù ú lọ, torí olúkúlùkù ló ní àkókò tirẹ̀.

Ìgbà kan wà tí ọ̀rinrin ṣì ń gba èéhù là: bí èèpo irúgbìn bá lẹ̀ mọ́ ewé méjì àkọ́kọ́ tí wọn kò lè là. Kí a kán omi lé e, kí a fi ọ̀rá bo òun nìkan fún wákàtí mélòó kan, kí a wá fi ẹ̀mú kékeré fà á rọra. Bó bá kọ̀, kí a tún kán omi sí i. Bí a bá fà á tipátipá, ewé méjèèjì á bá a já, èéhù náà kò sì ní rí nǹkan fi dàgbà.