Bí lọ́yà ṣe di ara àwọn ọmọ ogun

Láyé àtijọ́, ẹni tó ń darí ogun náà ló ń dá ẹjọ́ ogun. Ọmọ ogun tó bá sùn lẹ́nu ìṣọ́, èyí tó bá sá lójú ìjà, èyí tó bá jí ẹrù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀gágun ló máa fẹ̀sùn kàn án, òun náà ló máa gbọ́ ẹjọ́, òun náà ló sì máa pàṣẹ pé kí wọ́n nà án tàbí kí wọ́n pa á. Kì í ṣe pé kò sí òfin o. Àwọn ará Róòmù ní òfin tiwọn fún àwọn ọmọ ogun, Gustavus Adolphus ọba Sweden náà sì gbé àkójọ òfin ogun jáde ní 1621. Ṣùgbọ́n kí òfin wà nínú ìwé, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí ẹni tó gbọ́ òfin wà nínú àgọ́ ogun, kó lè sọ fún ọ̀gágun pé ohun tó fẹ́ ṣe yẹn kò bófin mu, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Èkejì yìí pẹ́ kó tó dé. Ìtàn Amẹ́ríkà ni mo yàn láti fi sọ ọ́, nítorí pé ẹ̀mí tó bá a lọ níbẹ̀ pọ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1775 ni ìgbìmọ̀ àwọn ìlú tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà fọwọ́ sí òfin àwọn ọmọ ogun wọn. Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an tí wọ́n ń bá jà ni wọ́n ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí George Washington, ọ̀gágun wọn, fi rí i pé òun nílò ẹni tí yóò máa bójú tó ìgbẹ́jọ́. Àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló kún inú ẹgbẹ́ ogun rẹ̀, àwọn tí kò tíì gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí, ẹjọ́ kò sì tán nínú àgọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ìgbìmọ̀ yan William Tudor, ọmọ ọdún 25, tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Harvard, tó sì kọ́ iṣẹ́ òfin lábẹ́ John Adams. Judge Advocate ni wọ́n pe ipò náà. Òun ni lọ́yà àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní, ọdún méjì péré ló sì lò níbẹ̀.

John Laurance tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1777 ló wà nídìí ẹjọ́ John André, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí amí, tí wọ́n sì yẹgi fún ní oṣù Kẹwàá ọdún 1780. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Marshall náà ṣe iṣẹ́ yìí ní àgọ́ Valley Forge. Nígbà tó yá, òun ló di olórí àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà fún ọdún 34.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n wá gbé lé lọ́yà náà lọ́wọ́? Ibí yìí ló yẹ ká farabalẹ̀ wò. Òfin 1806 sọ pé òun ni yóò rojọ́ lórúkọ orílẹ̀-èdè, kó sì fi hàn pé olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi. Òfin kan náà ní kó ka ara rẹ̀ sí agbẹjọ́rò fún olùjẹ́jọ́, kó má jẹ́ kí wọ́n bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ lè kó bá a. Òun náà ló tún ń tọ́ àwọn ológun tó jókòó dájọ́ sọ́nà lórí òfin, nítorí pé jagunjagun ni wọ́n, wọn kì í ṣe adájọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń rojọ́, tó ń gbèjà, tó sì tún ń gba adájọ́ nímọ̀ràn. Àwọn bàbá wa ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ètò yìí, ẹnu kan náà ni ẹjọ́ méjèèjì ti ń jáde. Kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀gágun wà ni ẹnu náà sábà máa ń tẹ̀ sí.

Láàárín 1802 sí 1849, ipò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ogun abẹ́lé láàárín àwọn ará Àríwá àti àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà ló jí i padà. Ní oṣù Keje ọdún 1862, àwọn aṣòfin dá ipò Judge Advocate General, ìyẹn olórí àwọn lọ́yà ológun, sílẹ̀, Ààrẹ Abraham Lincoln sì fi Joseph Holt síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Lincoln, lọ́yà ni òun fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ní oṣù Keje ọdún 1863, akọ̀wé rẹ̀ John Hay kọ ọ́ sílẹ̀ pé wákàtí mẹ́fà gbáko ni ààrẹ, Holt àti òun fi jókòó ti ìwé ẹjọ́ àwọn ọmọ ogun. Ó ní gbogbo ohun tí ààrẹ lè rí dì mú láti fi dá ẹ̀mí sójà sí ló ń dì mú, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ló ba ẹni náà tó fi sá. Bí Lincoln kò bá fẹ́ gbọ́ ńkọ́? Kò sí òfin kankan tó ní kó fi wákàtí mẹ́fà jókòó. Àánú ẹnìkan ló ń gba àwọn ọmọ wọ̀nyẹn là, àánú ẹnìkan kì í sì í ṣe ètò.

Lásìkò yẹn kan náà ni Francis Lieber kọ ìwé òfin kan. Jámánì ni wọ́n ti bí i, ó ti bá Napoleon jà nígbà èwe, ó sì fara gbọta níbẹ̀. Ó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Columbia ní Amẹ́ríkà. Ogun Amẹ́ríkà pín ilé rẹ̀ sí méjì: Oscar ọmọ rẹ̀ kú sójú ogun nígbà tó ń jà fún àwọn ará Gúúsù, Hamilton ọmọ rẹ̀ pàdánù apá nígbà tó ń jà fún àwọn ará Àríwá. Ọkùnrin tí ogun ṣe báyìí ló kọ abala 157 nípa ohun tí ọmọ ogun lè ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe sí ẹlẹ́wọ̀n, sí aráàlú, sí dúkìá. Lincoln sọ ọ́ di àṣẹ ní oṣù Kẹrin ọdún 1863. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ lọ́yà ológun kò mọ sórí sójà tó sùn lẹ́nu ìṣọ́ mọ́. Ó ti kan bí wọ́n ṣe ń ja ogun fúnra rẹ̀. Norman, ọmọ Lieber kẹta, di Judge Advocate General nígbà tó yá.

Holt ní apá mìíràn tí kò dára. Nígbà tí wọ́n pa Lincoln ní 1865, òun ló darí ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn níwájú ìgbìmọ̀ ológun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aráàlú ni wọ́n. Ó rojọ́ mọ́ wọn, ó sì tún ń gba àwọn tó ń dájọ́ nímọ̀ràn. Ọjọ́ 6 oṣù Keje ni wọ́n sọ ìdájọ́ fún àwọn mẹ́rin kan pé ikú ni. Ọjọ́ kejì ni wọ́n yẹgi fún wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ, nínú ẹjọ́ Milligan, pé a kò gbọ́dọ̀ gbé aráàlú lọ síwájú ológun níbi tí ilé ẹjọ́ aráàlú bá ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó yí iṣẹ́ yìí padà jùlọ ṣẹlẹ̀ ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1917, àwọn ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun lu sójà aláwọ̀ dúdú kan tó dá sí ọ̀rọ̀ obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń fi tipátipá mú. Charles Baltimore, ọlọ́pàá ológun tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bákan náà, lọ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n lu òun náà, wọ́n yìnbọn sí i, wọ́n tì í mọ́lé. Ìròyìn dé àgọ́ pé wọ́n ti pa á. Òmíràn tún dé pé àwọn èrò aláwọ̀ funfun ń bọ̀ wá jà ní àgọ́. Sójà tó lé ní ọgọ́rùn-ún gbé ìbọn, wọ́n wọ ìgboro, ẹ̀mí aráàlú, ti ọlọ́pàá àti ti sójà sì ṣòfò lóru ọjọ́ náà.

Sójà 63 ni wọ́n kọ́kọ́ kó síwájú ilé ẹjọ́ ológun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá ológun kan péré, Harry Grier, ni wọ́n ní kó gbèjà gbogbo wọn. Ó ti kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ òfin rí ní West Point, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́yà. Ẹ wo èèyàn 63 tí ikú ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí wọn, olùgbèjà kan ṣoṣo! Ní ìdájí ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, wọ́n yẹgi fún 13 nínú wọn. Òfin ìgbà ogun fún ọ̀gágun àgbègbè náà láṣẹ láti fọwọ́ sí i láìdúró de ààrẹ, nítorí náà wọ́n ti sin òkú tán kí aráàlú tó gbọ́ pé wọ́n dá ẹjọ́ ikú. Kò sí lọ́yà kankan ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, tó tíì ka ìwé ẹjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ta wọ́n jí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1918, àṣẹ jáde pé wọn kò gbọ́dọ̀ pa sójà kankan títí ọ́fíìsì Judge Advocate General yóò fi yẹ ẹjọ́ rẹ̀ wò. Samuel Ansell, tó ń ṣe adelé olórí ọ́fíìsì náà nígbà náà, fẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní ó yẹ kí ọ́fíìsì náà lè fagi lé ìdájọ́ tí kò tọ́. Enoch Crowder, ọ̀gá rẹ̀, ní òfin kò fún wọn ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ìjà náà dé iwájú àwọn aṣòfin àti inú ìwé ìròyìn. Wọ́n já Ansell wálẹ̀ láti ipò ọ̀gágun, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1919. Ṣùgbọ́n òfin 1920 fìdí ìgbìmọ̀ àwọn lọ́yà tí yóò máa tún ẹjọ́ yẹ̀ wò múlẹ̀. Àwọn sójà Houston ni wọ́n fi ẹ̀mí san owó rẹ̀. Àpapọ̀ àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi jẹ́ 110, wọ́n sì pa 19. Oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni iléeṣẹ́ ológun tó wá fagi lé ẹ̀bi gbogbo wọn, pé ìgbẹ́jọ́ náà kò bá ẹ̀tọ́ mu. Ọdún 106 ti kọjá.

Ogun Àgbáyé Kejì kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì fojú ara wọn rí bí ọ̀gágun ṣe ń yan àwọn tí yóò dájọ́, tó tún ń yan ẹni tí yóò gbèjà. Nígbà tí wọ́n délé, wọn kò dákẹ́. Ìyẹn ló bí òfin ìdájọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ẹ̀ka ọmọ ogun, tí Ààrẹ Harry Truman fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 1950. Ó mú kí lọ́yà máa gbèjà olùjẹ́jọ́ nínú àwọn ẹjọ́ ńlá, ó sì dá ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sílẹ̀ tí adájọ́ rẹ̀ jẹ́ aráàlú. Ní 1968 ni wọ́n wá fi adájọ́ gidi, tó jẹ́ lọ́yà, sínú ilé ẹjọ́ ológun. Ẹrù mẹ́ta tí wọ́n dì lé orí ẹnìkan ní 1806, ọdún tó lé ní 160 ni wọ́n fi tú u.

Kí òfin tó dé náà, àwọn kan ti ń fi ìgboyà ṣe é. Ní 1942, wọ́n ní kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Kenneth Royall gbèjà àwọn ará Jámánì tó fi ọkọ̀ abẹ́ omi wọ Amẹ́ríkà láti wá ba nǹkan jẹ́. Ààrẹ Roosevelt ní wọn kò gbọ́dọ̀ gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ aráàlú. Royall kọ̀wé sí ààrẹ, olórí gbogbo ọmọ ogun, pé òun kò rò pé àṣẹ yẹn bófin mu, ó sì gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Kò jàre. Wọ́n pa mẹ́fà nínú àwọn mẹ́jọ náà.

Lẹ́yìn ìpakúpa tí àwọn sójà Amẹ́ríkà pa aráàlú ní abúlé My Lai ní Vietnam ní 1968, Kápítéènì Aubrey Daniel, lọ́yà ológun, ló rojọ́ títí wọ́n fi dá William Calley, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá sójà náà, lẹ́bi ní 1971. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Ààrẹ Nixon ní kí wọ́n mú Calley kúrò lẹ́wọ̀n lọ sí ibùgbé rẹ̀ nínú bárékè. Daniel kọ lẹ́tà sí Nixon, ó sọ fún un gbangba pé ó ti fi ọwọ́ òṣèlú ba ìdájọ́ jẹ́. Àtúnṣe tó tẹ̀ lé My Lai ló mú kí lọ́yà máa jókòó ti àwọn tó ń ṣètò ìjà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1977, abala 82 nínú àfikún àkọ́kọ́ sí àdéhùn Geneva, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ogun, ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i rí i pé ọ̀gágun wọn ní lọ́yà tí yóò máa gbà á nímọ̀ràn.

Ní 2003, wọ́n ní kí Charles Swift, lọ́yà ọmọ ogun ojú omi, gbèjà Salim Hamdan, awakọ̀ Osama bin Laden, tó wà ní àtìmọ́lé ní Guantánamo, ibùdó ológun Amẹ́ríkà ní Cuba. Swift pe àwọn ọ̀gá tirẹ̀ lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a láre: wọ́n ní ilé ẹjọ́ ológun tí Ààrẹ Bush gbé kalẹ̀ ta ko òfin 1950 yẹn àti àdéhùn Geneva. Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí àkókò náà ni ìròyìn kàn án pé wọn kò fún un ní ìgbéga. Lábẹ́ òfin iṣẹ́ wọn, ẹni tí ìgbéga bá ń fò dá gbọ́dọ̀ lọ. Ó kúrò nínú iṣẹ́ ológun ní 2007, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ́yà lọ.