Ta Ló Kọ́kọ́ Yan Àgọ́ Tó Wù Ú?

Kò sẹ́ni tó bi ọmọ ogun Róòmù léèrè irú àgọ́ tó wù ú. Awọ ewúrẹ́ tàbí awọ ọmọ màlúù ni wọ́n fi rán èyí tí wọ́n gbé fún un, àwọn mẹ́jọ ló sì jọ ń há ara wọn mọ́ inú ẹyọ kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ká a, wọ́n á dì í ru ìbaaka. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n á tún ti nà án. Àwòrán irú àgọ́ yẹn wà lára òpó òkúta gàgàrà tí wọ́n parí sí ìlú Róòmù ní ọdún 113 láti fi yẹ́ olú-ọba wọn, Trajan, sí. Àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti hú àjákù awọ náà jáde nínú ẹrẹ̀ ní Vindolanda, ibùdó ológun kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ojú ibi tí wọ́n ti rán an ṣì hàn.

Àwọn darandaran ti ń gbé inú àgọ́ tipẹ́tipẹ́ kí Róòmù tó dìde. Ìwé Mímọ́ pe Jábálì ní baba àwọn tó ń gbé inú àgọ́ tí wọ́n sì ń sin ẹran, Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì náà sì fi àgọ́ pípa ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní Kọ́ríńtì. Irun ewúrẹ́ dúdú ni àwọn Bedouin, darandaran inú aṣálẹ̀, ń hun ṣe tiwọn. Bí oòrùn bá mú, ojú híhun aṣọ náà á là díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Bí òjò bá dé, òwú á wú, ihò á pa dé. Àwọn ará Mòǹgólíà ń fi irun àgùntàn tí wọ́n lù pọ̀ bo igi tí wọ́n hun bí ọgbà róbótó. Ní pápá Àríwá Amẹ́ríkà, awọ ẹfọ̀n ni àwọn onílẹ̀ fi ń ṣe àgọ́ olórí ṣóńṣó tí wọ́n ń pè ní tipi, wọ́n sì ń fi etí méjì sílẹ̀ lókè rẹ̀ tí wọ́n lè yí síbi tí atẹ́gùn kò sí, kí èéfín lè ráyè jáde. Ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àgọ́ tí wọ́n ń tà lóde òní lọ, èmi ò sì rò pé àsọdùn ni. Ṣùgbọ́n ilé ni gbogbo wọn. Èèyàn kì í yan irú ilé tí baba ńlá rẹ̀ ń gbé. Wọ́n kàn bí i síbẹ̀ ni.

Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìtàn àgọ́ àti ìtàn yíyan àgọ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ti àkọ́kọ́ ti wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ti èkejì kò tíì pé igba ọdún.

Àwọn ológun ló kọ́kọ́ mú ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n lò. Ní ọdún 1856, Henry Hopkins Sibley, ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí àgọ́ kan tó rí ṣóńṣó lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti rí tipi kò ní béèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Òpó kan ṣoṣo ló gbé e dúró lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àyè ìdáná wà láàárín, ọmọ ogun bíi 12 á sì sùn yí i ká. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, Sibley lọ bá àwọn ará Gúúsù tó fẹ́ ya kúrò lára Amẹ́ríkà, owó tí ìjọba àpapọ̀ ì bá máa san fún un lórí àgọ́ kọ̀ọ̀kan sì wọmi. Àgọ́ náà dára o, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹrù ló ń gbé e, ogun kì í sì í dúró de kẹ̀kẹ́ ẹrù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní ààbọ̀ àgọ́, aṣọ pẹlẹbẹ kan tó ní bọ́tìnì létí. Ìwọ àti ẹnì kejì rẹ á de tiyín pọ̀, ẹ ó sì rá wọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun fi í ṣẹ̀sín pé ajá ni wọ́n ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀ ni àgọ́ wọn ṣe di ẹrù tí ẹnì kan lè gbé kọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Lọ́ńdọ̀nù kan tó ń fín àwòrán sára igi, Edward Whymper, ń wá ibi tí yóò sùn lórí òkè Alps. Àgọ́ ayé ìgbà náà kò ní ilẹ̀. O ó kàn tẹ́ nǹkan sísàlẹ̀, ibi tí aṣọ àgọ́ kò bá ti kanlẹ̀ sì ni atẹ́gùn àti yìnyín ń gbà wọlé. Whymper rán ilẹ̀ mọ́ ara àgọ́, ó sì fi ọ̀pá mẹ́rin, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, gbé e dúró. Bí ẹni tó wà nínú rẹ̀ bá ti dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ gan-an ń bá èèkàn di àgọ́ náà mọ́lẹ̀. Ní July 1865, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n dé orí Matterhorn, ara òkè náà ni wọ́n pàgọ́ sí. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin nínú àwọn méje já ṣubú, wọ́n sì kú. Ìtàn ikú yẹn ló gbajúmọ̀, àmọ́ ilẹ̀ tí a rán mọ́ àgọ́ kò tíì kúrò láàárín wa láti ìgbà náà.

Albert Mummery tó gun òkè lẹ́yìn rẹ̀ kórìíra ẹrù. Aṣọ ṣẹ́dà ló fi ṣe àgọ́ tirẹ̀, kékeré ni, kò sì gbé òpó dání rárá: àáké yìnyín tó fi ń gun òkè ló ń nà ró láti fi ṣe òpó. Ó kú sórí Nanga Parbat, òkè ńlá kan ní Himalaya, ní 1895. Ẹni tó bá rí àwọn tó ń fi ọ̀pá ìrìn gbé àgọ́ dúró lónìí, kó mọ̀ pé Mummery ti ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá wọn àgbà.

Ológun ń tẹ̀ lé àṣẹ, agun-òkè ń sá fún ikú. Ẹni tí mo gbà pé ó kọ́kọ́ sọ àgọ́ yíyan di fàájì, télọ̀ ni. Wọ́n bí Thomas Hiram Holding ní 1844. Ní 1853, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé, òun àti àwọn òbí rẹ̀ wà nínú ọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń la pápá Amẹ́ríkà kọjá, àgọ́ ni wọ́n sì ń sùn ní gbogbo ọ̀nà. Àwọn míì ì bá ti ní àwọn ò tún fẹ́ rí àgọ́ mọ́ láyé. Holding padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di aránṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì dàgbà, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ rin ìrìn ìgbafẹ́ ní Scotland, ó ń pàgọ́ kiri. Ní 1897, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Connemara ní ilẹ̀ Ireland, wọ́n ru àgọ́ dání.

Kẹ̀kẹ́ ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ìbaaka kì í sọ fún ọ pé ẹrù ti pọ̀ jù. Kẹ̀kẹ́ á sọ ọ́ fún itan rẹ níbi gegele àkọ́kọ́. Aránṣọ tó mọ aṣọ lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù: ṣẹ́dà dípò kánfáàsì, ọparun tó ṣeé yọ lóríkèé-ríkèé dípò igi odindi, ó sì ń wọn gbogbo rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Ó kọ ìwé nípa ìrìn náà ní 1898, àwọn tó kà á sì ń wá a kiri. Ní 1901, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Apàgọ́ Oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀, èyí tó ṣì wà títí di òní ní Britain lábẹ́ orúkọ mìíràn. Nígbà tó fi máa di 1908, ìwé rẹ̀ lórí ìpàgọ́ ti sanra gidi, ó ń jiyàn nínú rẹ̀ lórí aṣọ, ìrísí, ìwọ̀n àti gíga àgọ́. Iyàn náà gan-an ló ṣe pàtàkì sí mi. Àgọ́ ti di nǹkan tí èèyàn lè fẹ́ràn, tí ẹlòmíì á sì sọ pé kò dára, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní tìtorí rẹ̀ kú.

Robert Falcon Scott, ará Britain tó ṣe ìrìn àjò ìwádìí lọ sí Antarctica, wà lára àwọn tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ tí Holding dá sílẹ̀. Àgọ́ òun alára kì í ṣe ti fàájì. Orí rẹ̀ ṣóńṣó, ọparun ló gbé e dúró, èèyàn sì lè nà án nínú ìjì. Ní January 1912, nígbà tó dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé, àgọ́ Amundsen ló bá níbẹ̀. Ará Norway náà ti débẹ̀ ní December tó ṣáájú. Ní November 12, 1912, àwọn tó ń wá Scott rí ṣóńṣó àgọ́ rẹ̀ tó yọ díẹ̀ nínú yìnyín. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Wilson àti Bowers, wà nínú rẹ̀, wọ́n ti kú. Wọ́n yọ ọparun, wọ́n jẹ́ kí aṣọ àgọ́ bò wọ́n, wọ́n sì kó yìnyín lé e lórí. Ikú wọn kò sí lọ́wọ́ àgọ́, ó dúró gbọn-in títí dé òpin. Irú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣì ń gbé lọ sí Antarctica.

Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn, kánfáàsì olówùú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Kò burú, àmọ́ bó bá tutù, ó ń wúwo bí òkú màlúù, bí o bá ká a tútù á hu, bí èjìká rẹ bá sì kàn án lábẹ́ òjò, ibẹ̀ ni omi á máa gbà wọlé. Wọ́n ń fi ìda pa á kó má bàa fa omi. Ìda kan náà ló dá wàhálà sílẹ̀ ní July 6, 1944, ní Hartford ní Amẹ́ríkà. Àgọ́ ńlá sákọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fi ìda tí wọ́n pò mọ́ bẹntiróòlù kùn gbiná nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wà nínú rẹ̀. Ó kéré tán, èèyàn 167 ló kú. Àgọ́ eré ni, kì í ṣe ti ìpàgọ́, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ iná tí ò ń rí lára àgọ́ tó o bá rà kò ṣàì bá irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ tan.

Náílọ́nù ni Wallace Carothers àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe ní 1935. Ogun Àgbáyé Kejì dé, wọ́n fi ṣe páráṣúùtì. Ogun parí, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń rán àgọ́. Ó fúyẹ́, kì í hu, ó sì ń tètè gbẹ. Àmọ́ bí wọ́n bá fi rọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́ bo ara rẹ̀ kí òjò má wọlé, èémí ẹni tó ń sùn náà kò ní ráyè jáde. Èémí á kan aṣọ tútù, á di omi, á máa kán lé e lórí lóru, á sì máa rò pé òrùlé ló ń jò.

Oògùn tí wọ́n wá fún un ni aṣọ méjì: ti inú fẹ́lẹ́ tó ń jẹ́ kí èémí kọjá, ti òde tó ń lé òjò. Ọ̀nà yẹn náà ní àléébù tirẹ̀. Ti inú ni wọ́n kọ́kọ́ ń nà, bí òjò bá sì ń rọ̀, yóò ti rin gbingbin kí ti òde tó bò ó. Bo Hilleberg, ará Sweden kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ igbó gẹdú, ló ronú pé kí wọ́n so méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Renate ìyàwó rẹ̀ ló ń rán an, èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sì jáde ní 1973. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti hùmọ̀ lórí àgọ́, èyí ni mo rò pé wọn kò yìn tó. Àwọn ẹlòmíì gba ọ̀nà mìíràn: ní 1976, ilé-iṣẹ́ Early Winters ní Seattle fi Gore-Tex, aṣọ tó ń lé omi tó sì ń jẹ́ kí ooru èémí jáde, rán àgọ́ aláṣọ kan ṣoṣo, ó sì wà lára ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi aṣọ náà ṣe.

Ìrísí náà yí padà. Ní 1955, Bill Moss, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, gbé àgọ́ róbótó kan jáde tí ọ̀pá rẹ̀ ń tẹ̀ kọ̀ǹdọ̀, tó sì ń dìde fúnra rẹ̀ láìsí òpó láàárín. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ The North Face fi ìṣirò Buckminster Fuller, ayàwòrán ilé ará Amẹ́ríkà, nípa ilé olórùlé róbótó ṣe àgọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ ń gba orí ara wọn kọjá. Àgọ́ olórí ṣóńṣó ń fi àyà ko ìjì lójú. Róbótó ń jẹ́ kí ìjì yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, agbára tó bá kan ọ̀pá kan á sì pín sára àwọn yòókù. Ó tún ń dá dúró láìsí èèkàn, o lè gbé e sókè láàárọ̀ kó o gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù. Kò sí ohun tó mú kí àwọn tí kì í gun òkè rárá fẹ́ràn àgọ́ tó ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọjà kún fọ́fọ́. Ilé-iṣẹ́ Quechua mú èyí tó jẹ́ pé o kàn máa jù sókè ni jáde ní 2005. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, wọn ò sì ka ti kíká rẹ̀ mọ́ ọn. Fún ẹni tó ń wa mọ́tò dé ibi ìpàgọ́, èmi á ní kó rà á láìjanpata. Fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, róbótó pẹrẹsẹ tó máa ń ká sí kò ní wọ inú àpò ẹ̀yìn, ìyẹn sì tó láti pa á tì. Àwọn tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ẹrù ti padà sọ́dọ̀ Mummery, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá ìrìn méjì. Èmi fúnra mi ò fẹ́ràn irú èyí, nítorí ibi tí ilẹ̀ bá ti le tí èèkàn kò wọlé, kò ní dìde.

Ohun kan ṣoṣo ni àwọn aránṣọ kò tíì yí padà láti ìgbà ààbọ̀ àgọ́ àwọn ọmọ ogun yẹn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára àpò pé ti ẹni méjì ni, ẹni méjì tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ ní ìfarakanra ni wọ́n wọ̀n, láìka àpò, bàtà àti ẹni tó máa ń yí lóru mọ́ ọn. Ẹni méjì tó bá fẹ́ sùn, ti ẹni mẹ́ta ni kí wọ́n rà.