Àga ọ́fíìsì "ergonomic": báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó máa rọni lọ́rùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àga ọ́fíìsì l'Óṣogbo lónìí, ìbáà ṣe Òkè-Fìà ni o, ìbáà ṣe ọ̀nà Gbọ̀ngán, tẹ́ ẹ bá ti lè na ọwọ́ sí èyí tó ní nẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tó sì ní táyà nísàlẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni "ergonomic nìyẹn o, ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó wò ná." Ẹ̀yin náà á jókòó, fóòmù á rì díẹ̀ lábẹ́ yín, ẹ á fẹ̀yìn tì í, ẹ á mí kanlẹ̀, ẹ á ní háà, eléyìí dáa o. Owó ti fẹ́ jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì péré lẹ fi jókòó, iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi àga yẹn ṣe sì ń lọ sí wákàtí méje mẹ́jọ lójúmọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó sílé bá àwọn ará ìlú òyìnbó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá àwọn ọmọ fi orúkọ sílẹ̀ fún JAMB tí èrò kì í tán lẹ́nu ọ̀nà yín.

Kí wá ni ergonomic gan-an? Kò ju pé wọ́n ṣe nǹkan kó bá ara ẹni tó ń lò ó mu, dípò kí ara ẹni máa wọ́ kó lè bá nǹkan mu. Tó bá kan àga, ó túmọ̀ sí pé ẹ lè gbé e sókè, ẹ lè rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ lè tì í sẹ́yìn, ẹ lè sún ibi tó ń gbé ẹ̀yìn ró lọ sí ibi tí ẹ̀yìn tiyín wà. Àga tí kò ní nǹkan kan tẹ́ ẹ lè yí lára ẹ̀, tó kàn rí gbẹndẹkẹ bí àga inú fíìmù, orúkọ lásán ló ń jẹ́, torí ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára páálí.

Nǹkan kan wà táwọn olùwádìí mẹ́ta kan, Zhang, Helander àti Drury, gbé jáde lọ́dún 1996 tó là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n wádìí ohun tó ń mú káwọn èèyàn sọ pé àga kan rọ̀ wọ́n lọ́rùn àti ohun tó ń mú kí wọ́n sọ pé ó ń ni wọ́n lára, wọ́n wá rí i pé ìrọ̀rùn àti ìnira kì í ṣe nǹkan kan náà tí ọ̀kan á lọ sókè tí ìkejì á wálẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìrọ̀rùn wà níbi kí ara balẹ̀, kí ọkàn tù, kódà ẹwà àga náà wà nínú ẹ̀. Ìnira ní tiẹ̀ ni oríkèé tó ń ro, iṣan tó gan, ẹsẹ̀ tó kú, ó rẹni ṣáá, òun ló sì máa ń ga sí i bí aago bá ṣe ń lọ. Ẹ ti rí i báyìí pé ìrọ̀rùn nìkan ni ṣọ́ọ̀bù lè fi hàn yín, ìnira ò tíì dé, nílé ló máa bá yín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ka fóòmù tó rọ̀ mùkẹ̀mukẹ sí nǹkan kan mọ́. Àga tó dáa fún wákàtí gígùn, tẹ́ ẹ bá ti jókòó lé e tán, ẹ máa gbàgbé ẹ̀ sábẹ́ yín ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ná. Eegun méjì wà nísàlẹ̀ ìdí, tẹ́ ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ìdí lórí bẹ́ǹṣì ẹ máa kàn wọ́n, àwọn ló yẹ kó máa gbé ìwúwo yín, kì í ṣe abẹ́ itan. Bákan náà, ẹ̀yìn wa nísàlẹ̀, ní déédéé ibi tí à ń de bẹ́líìtì sí, máa ń tẹ̀ wọnú díẹ̀ tá a bá wà nídùúró, àmọ́ tá a bá jókòó tó pẹ́, tí ẹ̀yìn ò rí nǹkan fara tì, ìbàdí á yí sẹ́yìn, ẹ̀yìn á gbun síta. Àwọn dísìkì tó wà láàárín eegun ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń jìyà ẹ̀. Alf Nachemson, dókítà eegun kan ní Sweden, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, láti nǹkan bí ọdún 1960 lọ, ki abẹ́rẹ́ tó ń wọn agbára ìtẹ̀ bọ inú dísìkì àwọn èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn (àwọn yẹn nígboyà o), wọ́n sì rí i pé téèyàn bá tẹ̀ síwájú níjòókòó, ìtẹ̀ yẹn máa ń ga, tó bá wá rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn tí àga gbé ẹ̀yìn ẹ̀ ró, á wálẹ̀. Dísìkì àgbàlagbà ò sì ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ nínú, bá a ṣe ń yíra tó ń fún tó sì ń tú ló jẹ́ kí oúnjẹ lè ráyè wọ inú ẹ̀ dáadáa. Torí náà, àga tó bá so yín mọ́ ojú kan, bó ti wù kó gbé ẹ̀yìn yín nàró tó, kò ṣe yín lóore.

Ó yá, kí là ń wò? Gíga ló ṣáájú. Ẹ fìdí kan ẹ̀yìn àga pátápátá, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì fi gbogbo ara kan ilẹ̀, kí itan tẹ́jú. Tí àga ò bá lè wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, etí iwájú ẹ̀ á máa tẹ abẹ́ itan, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè lọ bó ṣe yẹ, kí ó tó di ọ̀sán ẹsẹ̀ á ti kú. Níbí yìí, tábìlì ló sábà máa ń bà á jẹ́, torí tábìlì tí à ń lò sábà máa ń ga tó 75 sẹ̀ǹtímítà, ẹni tí ò ga púpọ̀ á ní kóun gbé àga sókè kí ìgúnpá òun lè bá ojú tábìlì dọ́gba, ẹsẹ̀ á wá máa fì lófuurufú. Àwọn kan á ní àga ni ò dáa, wọ́n á lọ ra òmíràn. Ẹ wá nǹkan pẹlẹbẹ tó le gbé ẹsẹ̀ lé, tàbí kẹ́ ẹ pe káfíńtà kó wá gé ẹsẹ̀ tábìlì yẹn kúrú, èyí kejì yìí lèmi fẹ́ràn jù, kò wọ́n rárá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tiẹ̀ wò ni bí ìjókòó ṣe gùn tó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá ti fìdí kan ẹ̀yìn, ẹ ki ìka ọwọ́ bọ àárín etí ìjókòó àti ẹ̀yìn orúnkún yín, ó yẹ kó gba ìka méjì sí mẹ́rin. Tí ò bá gba nǹkan kan, ìjókòó yẹn ti gùn jù fún yín, ohun tó sì máa ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ ò ní mọ̀gbà tẹ́ ẹ máa sún síwájú kí orúnkún lè ráyè, ẹ̀yìn yín á fi ibi tó ń gbé e ró sílẹ̀, gbogbo lumbar support tí wọ́n fi gbowó lọ́wọ́ yín di ẹ̀ṣọ́ ara àga. Tó bá sì kúrú jù, ìdajì itan á wà níta, gbogbo ìwúwo á jọ sójú kan. Àwọn àga ọ̀gá wọ̀nyẹn, lẹ́dà ńlá tí ẹ̀yìn ẹ̀ ga bíi fèrèsé, wọ́n kún fún irú àṣìṣe yìí, ẹni tó ga tó sì taagun ni wọ́n bá mu, obìnrin kúkúrú tó bá jókòó síbẹ̀ á kàn rì sínú ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ bàtà lọ̀rọ̀ àga, ó ní nọ́ńbà ẹsẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Herman Miller ti Amẹ́ríkà gbé àga Aeron tí Bill Stumpf àti Don Chadwick yà jáde lọ́dún 1994, sáìsì mẹ́ta ni wọ́n ṣe é, A, B àti C, nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì fi ṣe ìjókòó àtẹ̀yìn ẹ̀, kò sí fóòmù ìjókòó níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń fi ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn àga míì ò ní sáìsì àmọ́ ìjókòó wọn ṣeé sún síwá sẹ́yìn, ìyẹn náà dáa.

Lumbar support tí mo dárúkọ yẹn ni ibi tó yọ síta lẹ́yìn àga láti fi kún kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìsàlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé gbé sókè sódò, torí tó bá bọ́ sí ibi tí kì í ṣe tiẹ̀, ṣe lá máa gún yín níhà. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lára fẹ́rẹ́, kì í ṣe kó máa tì yín lulẹ̀.

Fífẹ̀yìntì ńkọ́? Èyí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò. Àga olówó pọ́ọ́kú tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn tì, gbogbo ẹ̀ ló máa ń yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìjókòó àtẹ̀yìn, iwájú ìjókòó á gbé sókè, ẹsẹ̀ á kúrò nílẹ̀, ẹ ò sì ní lè lo kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹ á tún padà wá gbun síwájú. Èyí tó dáa ni èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ ń lọ ju ìjókòó ẹ̀ lọ, synchro tilt ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ẹ̀ jẹ́ pé tí ẹ̀yìn bá lọ ìwọ̀n méjì, ìjókòó á lọ ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ò ní kúrò nílẹ̀, ojú yín á ṣì wà níbi iṣẹ́, ẹ̀yìn ń sinmi. Kókó kan máa ń wà lábẹ́ ìjókòó tẹ́ ẹ máa yí tó bá le jù tàbí tó bá rọ̀ jù fún ìwúwo yín, ẹni tó fúyẹ́ á tú u, ẹni tó wúwo á fún un. Mo ti rí ẹni tó lo àga lọ́pọ̀ ọdún tí ò mọ̀ pé nǹkan yẹn wà lábẹ́ òun! Ẹ má sì máa ti àga pa mọ́ ojú kan o, ẹ jẹ́ kó máa bá yín lọ kó máa bá yín bọ̀.

Ibi ìgbápálé, kó ṣáà dé ibi tí ìgúnpá á balẹ̀ sí láìgbé èjìká sókè. Tí ò bá lè lọ sókè sódò, tó tún ń kọ lu tábìlì tí ẹ ò lè sún mọ́ iṣẹ́, ẹ tú u kúrò. Ibi ìgbórílé ò ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń tẹ nǹkan.

Ooru wá. Òyìnbó tó ń kọ nípa àga kì í ka èyí sí, àmọ́ ní oṣù kejì sí ìkẹta l'Óṣogbo, tí wọ́n bá mú iná lọ tí fáànù dúró, lẹ́dà ayédèrú á lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn pẹ̀lú òógùn, tó bá sì pẹ́ díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Nẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ló dáa jù fún wa. Fún ìjókòó, mo fara mọ́ fóòmù tó ki tí wọ́n fi aṣọ bò, torí nẹ́ẹ̀tì tí ò dáa máa ń dẹ̀, irin etí ẹ̀ á wá máa gún itan. Ẹ fi orúnkún tẹ fóòmù náà mọ́lẹ̀ gidi, tẹ́ ẹ bá kan pákó nísàlẹ̀, ìdí yín náà ń bọ̀ wá kàn án.

Tẹ́ ẹ bá yẹ abẹ́ ìjókòó wò, pàápàá àwọn tòkunbọ̀, ẹ lè rí ohun tí wọ́n kọ pé BIFMA X5.1 síbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àga àti tábìlì ọ́fíìsì ní Amẹ́ríkà ló ni ìlànà yẹn, ààbò àti agbára ló ń wò, pé ẹni tó tó 125 kìlógíráàmù jókòó lé e kó má kán. Kò sọ pé ó máa rọ ẹ̀yìn yín lọ́rùn o. Àmọ́ mo ṣì fẹ́ràn kó wà níbẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bọ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì kúrò lápò ẹ̀yìn, ẹ wọ irú bàtà tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ mú fóònù jáde kẹ́ ẹ dá àwọn tó kọ lẹ́tà sí yín lóhùn. Ẹni tó ń tajà lè máa wò yín wò yín, ẹ kàn rọra bẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti ń yí ìdí kiri, tẹ́ ẹ ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì láìmọ̀, ara yín ti ń dá yín lóhùn nìyẹn. Tọkọtaya tó fẹ́ jọ lo àga kan, kí àwọn méjèèjì jọ lọ.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ gbé e sókè dópin, ẹ jókòó lé e, kẹ́ ẹ máa wò bóyá ó ń rọra wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Tó bá ń wálẹ̀, gas lift ẹ̀, ìyẹn ọ̀pá abẹ́ ìjókòó tó ń fi gáàsì gbé e sókè sódò, ti ń jò, ẹ já owó ẹ̀ wálẹ̀, torí ó ṣeé pààrọ̀. Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ pé márùn-ún kó má bàa dojú dé, ẹ wò ó bóyá ó sán níbi tó ti pàdé láàárín. Gas lift tó bá ti bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan jó o tàbí kó lu ú o, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ gidi ló wà nínú ẹ̀, ó lè bú gbàmù. Odindi ni kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi tuntun síbẹ̀.