Bí a ṣe ń rọ iná sínú súpákapásítọ̀ láìṣe jàǹbá

Ká ní wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfami sólà sí oko ata kan lẹ́yìn ìlú Kétu, tí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré onísíìmù mọ́ ọn kó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún olóko pé tàǹkì ti kún. Ẹ̀rọ yìí kì í jẹ iná púpọ̀ tó bá dákẹ́. Tó bá wá ń bá òpó nẹ́tíwọọ̀kì 2G sọ̀rọ̀, ó lè fa tó áńpì 2 lójijì, fún àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kó dákẹ́, kó tún fà. Bátìrì kékeré tó ti gbó ò lè gbé e: fóòtì á já wálẹ̀, ẹ̀rọ á kú, á tún tàn, àtẹ̀jíṣẹ́ ò ní dé. Nẹ́tíwọọ̀kì ni wọ́n á máa bú.

Bátìrì yẹn ni kànga, korobá kan lẹ́ẹ̀kan ni. Súpákapásítọ̀, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná, tó sì lè tú u jáde lójijì, ni àmù tí a ti pọn kún sílẹ̀.

Wàhálà rẹ̀ ni pé èyí tó ṣófo kò yàtọ̀ sí wáyà tí a fi so ẹnu bátìrì méjèèjì pọ̀. Ohunkóhun tí a bá fún un ló máa gbà, títí ohun tó ń fún un á fi gbóná tàbí jó. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ dín iná tó ń wọlé kù, ká sì dá a dúró níbi fóòtì tó yẹ. Ẹyọ kan kì í sábà gbà ju fóòtì 2.7 lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, oje inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, á di afẹ́fẹ́, ikùn rẹ̀ á wú, ó sì lè ya.

Fárádì ni a fi ń wọn bí iná tí súpákapásítọ̀ lè gbà ṣe pọ̀ tó. Ẹyọ méjì onífárádì 10 tí a tò tẹ̀lé ara wọn á di fárádì 5. Ká dá a dúró ní fóòtì 4, ká fi áńpì 0.2 rọ ọ́: ìṣẹ́jú àáyá 100 ló máa gbà. Irú ẹ̀rọ ìdínàkù tó ní ojú ìyí méjì, ọ̀kan fún fóòtì, ọ̀kan fún áńpì, ló dára jù. Mítà ni kí a fi wọn fóòtì rẹ̀ kí a tó so ohunkóhun mọ́ ọn. Résísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dènà iná) óòmù 20 náà lè ṣe é láti orí fóòtì 4, ṣùgbọ́n ó máa lé ní ìṣẹ́jú 8 kó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, iye agbára tó bá wọ inú súpákapásítọ̀, iye bẹ́ẹ̀ náà ni résísítọ̀ á sì sọ di ooru. Ojú ọ̀nà ìrọná nìkan ni kí ẹ̀rọ ìdínàkù tàbí résísítọ̀ yìí wà. Ẹ̀rọ onísíìmù gbọ́dọ̀ fà tààrà lẹ́nu súpákapásítọ̀.

Ẹyọ méjì kì í dọ́gba láéláé. Ọ̀kan á máa jò ju èkejì lọ, fóòtì á sì máa kó sórí ọ̀kan. Résísítọ̀ méjì tó dọ́gba, ọ̀kan lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ló ń pín in déédéé. Ẹ má sì tì í bọ inú páànù tí oòrùn ń pa: bí ooru bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 10 pọ̀ sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Tí àtúnṣe bá dé, résísítọ̀ óòmù 20 yẹn náà ni ká fi sọ ọ́ di òfo, kì í ṣe súkúrúdírábà, ká sì fi mítà wò ó kí irin sódà tó kàn án.