Bí wọ́n ṣe ń gbé epo jáde lábẹ́ òkun

Epo rọ̀bì ò kóra jọ sábẹ́ òkun bí adágún o, inú àpáta ló wà. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí mọ̀ pé ojú ibi tí òkúta ti sán ni wọ́n ń wá, ibẹ̀ lomi ti ń sun. Inú ihò tíntìntín ara òkúta ni epo náà sá sí, àmọ́ omi bọ́ọ̀hóòlù, ẹ̀rọ la fi ń fà á, epo yìí ní tiẹ̀, àpáta tó wà lórí ẹ̀ wúwo débi pé bí wọ́n bá ti lu ibẹ̀, òun fúnra ẹ̀ láá fẹ́ ru jáde. Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ yìí ni bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kó jáde bó ṣe wù ú.

Kí wọ́n tó gbẹ́ nǹkankan, ọkọ̀ ojú omi kan á kọ́kọ́ lọ, á máa wọ́ wáyà tó gùn tó kìlómítà mélòó kan lẹ́yìn, á máa yin atẹ́gùn alágbára sómi, ìró yẹn á wọlẹ̀, á kan àpáta, á padà wá, kọ̀ǹpútà á wá fi ya bí ìsàlẹ̀ ṣe rí. Síbẹ̀ àwòrán ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé epo wà níbẹ̀, àfi tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, nígbà míì owó ńlá á wọlẹ̀ tán wọn ò sì ní bá nǹkankan.

Níbi tómi ò bá jìn, ẹsẹ̀ rìgì, ìyẹn pèpéle tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga, á kanlẹ̀ òkun. Níbi tó bá jìn, bíi Bonga, ibi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun Nàìjíríà, tí omi ẹ̀ lé ní 1,000 mítà, orí omi ni rìgì á wà. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ, wọ́n á máa da ẹrẹ̀ kan tí wọ́n pò dáadáa gba inú páìpù, òun ló ń mú ẹnu irin tutù, òun náà ló ń kó ẹ̀rún àpáta jáde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀ gangan ni pé kó fi ìwúwo tẹ epo àti gáàsì mọ́lẹ̀. Tó bá fúyẹ́ jù, gáàsì á ru sókè, tó bá wúwo jù, àpáta á là, ẹrẹ̀ á sì sá gba ibẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi wà lórí rìgì tí wọ́n ń wọn ẹrẹ̀ yẹn tọ̀sántòru. Lẹ́yìn náà wọ́n á ki páìpù irin bọ ihò ọ̀hún, wọ́n á da símẹ́ǹtì yí i ká.

Lórí ilẹ̀ òkun níbẹ̀, lẹ́nu kànga, fáàfù ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní BOP, ó ní abẹ tó lè gé páìpù irin já kó sì dí ẹnu kànga pa. Lọ́dún 2010 lórí rìgì Deepwater Horizon lápá Amẹ́ríkà, símẹ́ǹtì ò dì í dáadáa, gáàsì ru, BOP ò lè dí i, iná sọ, èèyàn 11 kú, ọjọ́ 87 ni epo fi ń tú sókun. Ẹni tó bá ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ orí rìgì kàn ń jayé ni, kó rántí àwọn 11 yẹn.

Tí kànga bá ti ṣe tán, wọ́n á yọ BOP, wọ́n á fi àkójọ fáàfù míì síbẹ̀, páìpù á wá gba ilẹ̀ òkun lọ síbi ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní FPSO, tó ń gba epo tó sì ń tọ́jú ẹ̀ pa mọ́. Wàhálà míì tún nìyí, omi ìsàlẹ̀ yẹn tutù tó bíi 4°C, epo sì gbóná bọ̀, tí gáàsì àtomi bá pàdé nínú òtútù yẹn wọ́n á dì bíi yìnyín, páìpù á dí pátápátá, ni wọ́n ṣe máa ń fi nǹkan wé páìpù kó má tutù, wọ́n sì tún ń fún kẹ́míkà sí i. Èèyàn ò lè wọ omi débẹ̀, róbọ́ọ̀tì ni wọ́n ń rán.

Lórí FPSO, wọ́n á da ohun tó jáde sínú táǹkì ńlá, gáàsì á lọ sókè, epo á dúró láàárín, omi á wà nísàlẹ̀. FPSO Egina, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí 2018, lè gba àgbá epo mílíọ̀nù 2.3, àgbá kan sì jẹ́ lítà 159. Ọkọ̀ míì ló máa wá gbé epo lọ. Wọ́n á fi díẹ̀ nínú gáàsì ṣe iná ọkọ̀, wọ́n á dá díẹ̀ padà sínú ilẹ̀, òmíràn á gba páìpù lọ sí Bonny, níbi tí wọ́n ti ń mú un tutù dé -162°C kó lè di olómi. Ibẹ̀ náà ni lára gáàsì ìdáná táwọn ará ilé ń rà ní kílò-kílò ti ń jáde.

Tó bá yá, agbára ìsàlẹ̀ á máa rẹlẹ̀. Wọ́n á wá fa omi òkun, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yọ ọ́síjìn inú ẹ̀ kó má baà jẹ páìpù, wọ́n á tì í wọlẹ̀ kó máa lé epo bọ̀ níwájú. Ọdún ń gorí ọdún, omi tó ń bá epo jáde á máa pọ̀ sí i, títí tí epo inú ẹ̀ ò ní tó owó tí wọ́n ń ná lé e lórí mọ́, wọ́n á wá fi símẹ́ǹtì dí kànga náà pa.